Àǹtí HMO, ṣé káàdì yìí lè san owó dókítà ọpọlọ?

Ìdí tábìlì HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, ni mo máa ń jókòó sí ní ilé ìwòsàn kan ní Surulere. Èmi ni mò ń pe ilé iṣẹ́ adójútòfò láti gba kóòdù tó fi hàn pé wọ́n máa sanwó, kí aláìsàn tó lè wọlé. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, ńṣe ni àwọn aláìsàn máa ń bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó bi mí.

Mi ò ya wèrè o. Mo kàn fẹ́ ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ ni. Ṣé HMO á san án?

Ó dọwọ́ ètò tí ilé iṣẹ́ yín rà. Ẹ ṣí ìwé ètò náà, ojú ewé ohun tí wọn ò ní san ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wá "psychiatry", kí ẹ sì wá "counselling" lọ́tọ̀, torí wọ́n lè san owó dókítà àti oògùn kí wọ́n má san ti ìjókòó ìmọ̀ràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa san án, wọ́n sábà máa ń ka iye ìgbà tí ẹ lè lọ lọ́dún.

Ṣé mo lè gba ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba lọ tààrà?

Tí owó bá jẹ́ tiyín, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró. Tó bá jẹ́ káàdì, ilé ìwòsàn tí ẹ yàn ni ẹ máa kọ́kọ́ dé. Dókítà ibẹ̀ á kọ lẹ́tà, a ó gba kóòdù, ẹ ó wá máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má dúró de kóòdù kankan. Ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì.

Ibi lẹ́tà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina wá, ó ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, òun ò sì rí oorun sùn. Dókítà kọ ibà. HMO san owó oògùn ibà. Ó tún padà wá, wọ́n fi táífọ́ọ̀dù kún un. HMO tún san. (Bí ìyá mi bá wà níbẹ̀, ọdẹ orí ni ì bá pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́.) Ìgbà kẹta ló tó sọ pé láti ìgbà tí oyún ti bà jẹ́ lára òun lòun ti ń sunkún lóru. Ọjọ́ náà ni dókítà kọ lẹ́tà, kóòdù sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Torí náà, ẹ má dúró lórí ẹ̀fọ́rí nìkan. Ẹ sọ pé: "Dókítà, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sùn, mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé fún mi kí n lọ rí dókítà ọpọlọ."

Ṣé ọ̀gá mi ò ní gbọ́?

HMO máa rí orúkọ àìsàn, torí òun ló ń sanwó. Ti ọ̀gá yín kọ́ nìyẹn. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi. Ní January ọdún 2023 yẹn kan náà ni Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò láti 1958, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá kò ju òfin wèrè lọ.

Ọjà ni mò ń tà ní Balógun, mi ò ní ọ̀gá.

Ẹ béèrè Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí àjọ kan tó ń jẹ́ LASHMA ń bójú tó. Ẹ lè rà á fún ara yín tàbí fún ìdílé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà níbẹ̀ fún ọpọlọ.

Tí wọ́n bá kọ̀ láti fún mi ní kóòdù ńkọ́?

Ẹ ní kí wọ́n fi ímeèlì sọ ìdí rẹ̀. Lórí fóònù, "kò sí nínú ètò yín" kì í wúwo lẹ́nu wọn. Nínú ímeèlì, wọ́n á ní láti tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ó ti ṣojú mi tí wọ́n kọ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì gbà nírọ̀lẹ́. Bí wọn ò bá gbà síbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yaba wà níbẹ̀ láti 1907, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà sì wà, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà. Owó wọn sábà máa ń dín sí ti aládàáni. Kí ẹ ṣáà tètè jí, torí èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.