Ẹ Má Tíì Ra Bátìrì: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Iná Tó Dàrú Lára Máṣíìnì Àtijọ́

Ní Iléṣà níbí, àwọn máṣíìnì àtijọ́ ò tíì tán nílẹ̀ o. Honda C70, CG125 tó kọ́kọ́ jáde, Suzuki A100, Yamaha V80, wọ́n ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn bàbá wa láti Ìṣọ̀kùn títí dé Ìmọ̀, èyí tí wọ́n fi ń lọ oko kòkó nígbà kan, tí ọmọ wá ti Èkó dé tó ní òun fẹ́ jí i dìde. Wọ́n á fọ káábù, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á ta á títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n, kò ní stáàtì. Ẹnì kan á ní bátìrì ló kú, wọ́n á ra bátìrì. Ẹlòmíì á ní kọ́ìlì ni, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ tó ń ṣe iná fún plọ́ọ̀gì, wọ́n á tún ra kọ́ìlì. Ìgbà tí wọ́n bá máa fi tì í dé ọ̀dọ̀ àwa ríwáyà, owó ti lọ, bẹ́ẹ̀ wáyà kan ló já tàbí ojú bóòtì kan ló dógùn-ún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé lára máṣíìnì tó ti pẹ́, nkan kì í sábà kú, ojú ibi tí nkan ti fara kan nkan ló máa ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ ipa iná láti ibi tó ti ń bọ̀ dé ibi tó ń lọ kẹ́ ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bátìrì tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi yìí. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà lára púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì kékeré yẹn. Nínú màgínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kọ́ìlì kan wà tó jẹ́ ti plọ́ọ̀gì nìkan, òmíì wà tó jẹ́ ti gúlóòbù àti bátìrì, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Torí náà C70 tàbí A100 tí bátìrì ẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín ṣì yẹ kó stáàtì tẹ́ ẹ bá ta á, tí kò bá wá stáàtì, bátìrì tuntun ò lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn tọ́rọ̀ bátìrì kàn ni àwọn Honda tó tóbi díẹ̀ bíi CD175, látinú bátìrì ni kọ́ìlì wọn ti ń mu iná, tí bátìrì bá rẹ̀, plọ́ọ̀gì náà á rẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ yọ orí negative bátìrì, ẹ pa gbogbo iná, ẹ ta á. Tó bá dáhùn, màgínẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ plọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún jáde bẹ́ẹ̀ o, torí lára àwọn 6 volt tí ò ní rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù, bátìrì gan-an ló ń gba àṣejù iná mọ́ra, tí kò bá sí níbẹ̀ gúlóòbù á kàn máa jó níkọ̀ọ̀kan.

Ó dáa, ká ní plọ́ọ̀gì ò ta iná. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi sínú káàpù ẹ̀ padà, ẹ gbé irin ara ẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì kó fara kàn án dáadáa, níbi tó jìnnà sí ihò tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, ẹ ti epo pa, ẹ nu epo tó bá ti ta sílẹ̀, torí iná yẹn lè ran epo. Kẹ́nì kan wá ta kíìkì. Iná tó lágbára máa ń rí búlúù, ó sì máa ń dún táà, táà. Èyí tó pọ́n tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, aláìsàn ni. Tí kò bá sí rárá, ẹ yí káàpù yẹn kúrò lórí wáyà, ẹ gé orí wáyà díẹ̀ kí kọ́pà tó mọ́ jáde, ẹ yí i padà. Ibẹ̀ nìkan ti stáàtì máṣíìnì tó pọ̀.

Tí kò bá tíì dé, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́ìlì. Ẹ wá wáyà dúdú tó nílà funfun lára. Lára Honda àti Yamaha, wáyà yẹn ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí off, ohun tí súìṣì ń ṣe ni pé ó ń so wáyà yẹn mọ́ férémù, iná tó yẹ kó lọ sí plọ́ọ̀gì á wá gba ibẹ̀ sá lọ. Máṣíìnì tó ti dúró sílé láti ọdún gbọọrọ, òjò ń ta sí i, eruku ọyẹ́ ń wọ̀ ọ́, inú súìṣì kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á ti dì, ẹ̀yin lẹ rò pé ẹ ti yí i sí on, nínú lọ́hùn-ún off ló ṣì wà. Tàbí kí wáyà yẹn ti bó lábẹ́ táńkì kó máa fara kan férémù. Ẹ fà á yọ níbi tó ti so pọ̀ mọ́ wáyà tó ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀, ẹ tún ta á. Tí iná bá dé, a ti mú olè nìyẹn, kò sóhun tó ṣe kọ́ìlì. Ẹ rántí ṣá pé kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa á mọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kú ẹ fi ẹnu wáyà tó ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀ yẹn kan irin férémù.

Suzuki ò bá wọn ṣe é. Lára Suzuki, dúdú onílà funfun yẹn gan-an ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, èyí tó ń pa á ni dúdú onílà yẹ́lò. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà yìí ti ba nkan jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tó mọ Honda nìkan, torí wáyà dúdú lásán lára Honda, iná gidi ló wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, gíríìnì ni ẹ́ẹ̀tì. Lára Yamaha ẹ̀wẹ̀, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, iná tó ń bọ̀ látinú kọ́kọ́rọ́ wà nínú èyí tó ní àwọ̀ búráùn. Suzuki fi sínú ọlọ́sàn. Pupa nìkan ni gbogbo wọn fẹnu kò sí, pupa ló ń ti bátìrì bọ̀. Tẹ́ni tẹ́ ẹ gbé e fún bá ń so wáyà láìbi yín lórúkọ máṣíìnì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ BSA tàbí Triumph ti àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lẹ ní, tí wọ́n ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1970, ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, positive ni púpọ̀ nínú wọn so mọ́ férémù, ẹni tó bá dè é bíi ti Honda máa jó rẹtifáyà ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ iná ẹ́ńjìnnì di irú èyí tí bátìrì lè gbà.

Lẹ́yìn wáyà yẹn ló kan kọ́ńtáàkì, fún àwọn tó ṣì ń lò ó. Irin kéékèèké méjì ni, wọ́n ń ṣí wọ́n ń pa dé, ìgbà tí wọ́n bá ṣí ni plọ́ọ̀gì ń ta iná. Tí máṣíìnì bá ti jókòó pẹ́, ojú wọn á bo, iná ò ní rọ́nà kọjá. Ẹ fi sáńpépà múná-múná kan ojú wọn díẹ̀, ẹ wá ki bébà funfun tó mọ́ sí àárín wọn, ẹ fà á jáde títí bébà ò fi ní dọ̀tí mọ́. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn tí wọ́n bá ṣí tán jẹ́ 0.3 sí 0.4 mm. Tí ojú wọn bá ń jó léraléra tí iná funfun ńlá sì ń ta níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn ike kékeré tó ń gba iná mọ́ra kó má bàa jó ojú kọ́ńtáàkì, ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, kò wọ́n.

Ẹ̀yin tí plọ́ọ̀gì yín ń ta iná ṣùgbọ́n tí gúlóòbù, fèrè àti tráfíkétọ̀ ń ṣe wèrè, ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ẹ́ẹ̀tì ló sì sábà máa ń jẹ́. Iná kì í lọ kó má bọ̀. Òṣómàáló ni, bó ṣe ru aṣọ lọ tà lóko náà ló gbọ́dọ̀ padà sílé Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, kò ní gbéra rárá. Ọ̀nà àbọ̀ iná ni férémù, ara ẹ́ńjìnnì àti wáyà tó ti ibẹ̀ dé orí negative bátìrì. Tí ọ̀nà yẹn bá há, iná á máa wá ibòmíì gbà. Ẹ máa rí i pé ẹ tẹ bíréèkì, tráfíkétọ̀ ló ń tàn fírí, ẹ fun fèrè, iná ẹ̀yìn ló ń ṣẹ́jú. Ẹni tí ò mọ̀ á ní wáyà ti wọnú ara wọn, á ní kí wọ́n fa gbogbo ẹ̀ jáde kí wọ́n ṣe tuntun. Ẹ kọ̀ o.

Mítà olówó pọ́ọ́kú ti tó láti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e sí DC volt, ẹ fi ẹnu kan kan orí negative bátìrì, ẹ fi ìkejì kan irin tí gúlóòbù jókòó lé, kẹ́ ẹ wá tan iná yẹn. Tó bá sún mọ́ òdo, bíi 0.1 tàbí 0.2, ẹ́ẹ̀tì dáa. Tó bá fi 1 volt hàn yín, ọ̀nà àbọ̀ ti ń jẹ iná. Ẹ má sọ pé 1 volt kéré, lára 6 volt ìdá kan nínú mẹ́fà ti lọ nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ gúlóòbù kì í sì í dín bíi ti volt, ó ń já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí volt bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ìmọ́lẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí iná iwájú àwọn C70 fi ń pọ́n lójú òpópó tí wọ́n á ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni tàwọn tó kun máṣíìnì. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fín in lọ́dà pupa tó ń dán, ó kù díẹ̀ kí ọdún Ìwúdé dé, wọ́n á tò ó padà, kò ní síná kankan lára ẹ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná. Wọ́n ti kun ojú ibi tí bóòtì wáyà ẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, wọ́n ti kun ẹsẹ̀ tráfíkétọ̀, wọ́n ti kun gbogbo ẹ̀. Ẹ há ọ̀dà kúrò lójú ibẹ̀ títí irin á fi funfun, ẹ dè é le, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi fasilíìnì pa á lókè kí omi má wọbẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fa wáyà ẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn láti orí negative bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, òmíì lọ sí ilé iná iwájú.

Ọrùn máṣíìnì, níbi tí wáyà ti ń tẹ̀ kọ́rọ́ bẹ́ ẹ bá ń yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ẹ wo ibẹ̀ náà. Rọ́bà òde á dúró dáadáa, kọ́pà inú á ti já. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń kú tàbí iná ń lọ nígbà tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ sápá kan, ibẹ̀ ni. Ẹ mú wáyà níkọ̀ọ̀kan, ẹ rọra fà á, ibi tí kọ́pà ti já, rọ́bà á máa nà.

Gúlóòbù tó ń jó léraléra ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn máṣíìnì yìí, tààrà látinú màgínẹ́ẹ̀tì ni iná iwájú ti ń wá, torí náà kó rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́ kó wá mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún un lépo, kì í ṣe àrùn. Àmọ́ iná tí kọ́ìlì yẹn ń yọ, wọ́n ti pín in fún iye watt gúlóòbù tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Tẹ́ ẹ bá fi èyí tí watt ẹ̀ kéré síwájú, tàbí tí ti ẹ̀yìn jó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpín tó ṣẹ́ kù á ya lu èyí tó kù, òun náà á jó. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn gúlóòbù kẹ́ ẹ tó rà. Fíúsì náà, ẹ fi iye amp tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí i, bébà inú páálí sìgá tí àwọn kan ń wé mọ́ ọn kì í já, wáyà ló máa ń jó dípò ẹ̀, wọ́n á sì wá ní ríwáyà ọ̀wọ́n.

Tó bá wá já sí pé bátìrì náà ló rẹ̀ lóòótọ́, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ti sinmi. 12 volt tó kún á fi bíi 12.6 hàn, tó bá ti já sí 12.0 kò sí nkan gidi nínú ẹ̀ mọ́, 6 volt tó kún á wà ní bíi 6.3. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń so ó pọ̀ mọ́ bátìrì ọkọ̀ lórí chájà kan náà, iná yẹn ti pọ̀ jù fún un. Bátìrì 4 Ah, 0.4 amp ló fẹ́, kó máa gbà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mọ́jú. Tí omi inú ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì lẹ máa bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe omi kànga.

Ó ku máṣíìnì tó ń stáàtì dáadáa láàárọ̀, tó máa wá kú nígbà tó bá gbóná lórí òkè lọ́nà Ìpetu, tó sì tún máa dáhùn tó bá sinmi tán. Kọ́ńdẹ́ńsà lè máa ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ooru ń ṣí ibi tó ti sán nínú wọn. Ibi tó kú sí náà ni kẹ́ ẹ ti yẹ plọ́ọ̀gì wò kó tó tutù, ẹ mú sípánà ẹ̀ dání. Tí plọ́ọ̀gì bá ń ta iná lásìkò yẹn, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ fííì tí atẹ́gùn wọlé, ihò kékeré tó wà lórí ìdérí yẹn ló dí, epo ò lè sọ̀ kalẹ̀, kò sí tiná nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá, abẹ́rẹ́ lásán lẹ máa fi la ihò yẹn.