Bí wọ́n ṣe ń yan Guru láyé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Sikh

Ní Punjab nílẹ̀ Íńdíà láyé ọjọ́un, ipò Guru, ìyẹn olórí àti olùkọ́ ẹ̀sìn Sikh, kì í ṣe ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ. Nanak tó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀ bí ọmọkùnrin méjì, síbẹ̀ nígbà tó di 1539, Angad ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ló gbé ipò fún. Ohun tí wọ́n ń wò ni seva, ìyẹn iṣẹ́ tẹ́nìkan ń ṣe sin Guru àtàwọn ará láìgba kọ́bọ̀ àti láìráhùn.

Ọ̀rọ̀ Amar Das ló jẹ́ kó yéni jù. Basarke ni wọ́n ti bí i ní 1479, Híńdù ni, ọdọọdún ló ń rìn lọ wẹ̀ lódò Ganges, àfìgbà tó gbọ́ orin Nanak lẹ́nu Bibi Amro, ìyàwó ọmọ àbúrò ẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Angad, ló bá ní kó mú òun lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Khadur. Ẹ wò ó o, ọdún 25 ló fi ju Angad lọ, àna sì ni wọ́n, àgbàlagbà yẹn ṣáà dọ̀bálẹ̀, ó di ìránṣẹ́.

Ìtàn wọn ní bí ọdún 12 ló fi ń jí lóru lọ pọnmi lódò Beas kí Guru lè rí omi wẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ó ṣubú sínú kòtò òfì ahunṣọ kan, ìyàwó ahunṣọ yẹn bá ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí ò ṣe Amru tí ò nílé tí ò lọ́nà. Angad gbọ́, inú ẹ̀ ò dùn sí èébú yẹn rárá, ó ní Amar Das gan-an nilé àwọn tí ò nílé. Nígbà tó di 1552, òun ló gbé ipò lé lọ́wọ́, ẹni ọdún 73!

Ṣé àwọn ọmọ á wá dákẹ́ ni? Wọ́n ní Datu ọmọ Angad wá sí Goindwal níbi tí Amar Das ń gbé, ó ta bàbá àgbàlagbà yẹn nípàá lójú gbogbo èèyàn, Amar Das bá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ ra á, ó ní kó má bínú, egungun òun ti le, kó má lọ jẹ́ pé ó ti ṣe é léṣe.

Amar Das náà ò gbé ipò yẹn fọ́mọ. Jetha ọkọ ọmọ ẹ̀ ló fún ní 1574, ẹni tí wọ́n ní ó ń mọ pèpéle kan náà láìmọye ìgbà, tí Guru bá ti ní kò dáa kó wó o, á wó o, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Jetha yìí, tí wọ́n sọ di Ram Das, ni nǹkan ti yí padà, torí Arjan ọmọ ẹ̀ ló jẹ lẹ́yìn ẹ̀ ní 1581, látìgbà yẹn ipò ò kúrò nínú ẹbí yẹn mọ́, títí di 1708 tí Gobind Singh fi fún ìwé mímọ́ wọn, Guru Granth Sahib, tí wọn ò sì yan èèyàn kankan mọ́.