Ìdíyelé ọkọ̀ àtijọ́ tó nílò àtúnṣe ní ilẹ̀ Òkun

Ìdíyelé ọkọ̀ àtijọ́ ni ọ̀nà tí olùrà àti olùtà fi ń mọ iye tó yẹ kí wọ́n pe ọkọ̀ tó ti pẹ́, tí kò rìn mọ́ tàbí tó ń fi ìnira rìn, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan fẹ́ tún ṣe padà sí bó ṣe rí nígbà tó wà ní tuntun. Ó yàtọ̀ sí ríra tòkunbọ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ra ohun tó máa gùn lọ́la. Ẹni tó ra ọkọ̀ bàbá àgbà tó ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún gbọọrọ, iṣẹ́ ló rà. Nítorí náà, inú iṣẹ́ tó kù lára rẹ̀ ni iye rẹ̀ ti ń jáde. Iye tí bàbá fi rà á lọ́jọ́ kìíní kò sí nínú ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ní sí i kò sí níbẹ̀.

FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, gbà pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tó ọdún 30 ó kéré tán, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀, kó má sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń gùn lọ sọ́jà lójoojúmọ́, kó tó di ọkọ̀ ìtàn. Ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ní Kábà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mópà àti Ìyàrà ló ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìtọ́jú ni kò bá ọjọ́ orí dọ́gba.

Àwọn ọkọ̀ tó wọ́pọ̀

Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Kábà tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kaduna, Jos, Ìlọrin àti Èkó ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wálé nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Peugeot 504, tí gbogbo ayé ń pè ní Pijó, ló gba iwájú láàárín wọn. Ní 1968 ló kọ́kọ́ jáde ní Faransé, wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀. Faransé ti pa sálúùn rẹ̀ tì ní 1983, ṣùgbọ́n Kaduna ń tò ó lọ títí ẹgbẹ̀rúndún tuntun fi wọlé.

Èyí ń ran olùrà lọ́wọ́, ó sì tún ń pa á lára. Nítorí pé 504 pẹ́ lórí títì Nàìjíríà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòroó rí, mẹkáníìkì tó sì mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ kì í wọ́n. Sálúùn tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ tún ṣe lè máà mú ìdajì owó náà padà wá. Kúpè 504, onílẹ̀kùn méjì, tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ṣe bọ́dì rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: iye tí wọ́n ń rà á lẹ́yìn iṣẹ́ ga ju ti sálúùn lọ fíìfíì. Ẹni bá rí ọ̀kan lábà, kó yáa fara balẹ̀. Ní ti wágọ́ọ̀nù onílà ìjókòó mẹ́ta tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kó èrò, bọ́dì rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti lo agbára tán kí wọ́n tó gbé e jókòó.

Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá náà wà níbẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé kí èyí tó gbẹ̀yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní 2003, ilé iṣẹ́ tó wà ní Èkó sì to tirẹ̀ láti 1975. Bẹ́ńsì W123, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, ni ọkọ̀ àwọn tó rí jájẹ. A tún máa ń rí Morris Minor, Peugeot 404, àti lọ́rì Bedford tí wọ́n fi pákó kan bọ́dì rẹ̀. Ikán ni olùdíyelé àkọ́kọ́ fún irú lọ́rì bẹ́ẹ̀.

Bọ́dì

Bọ́dì ló ń pa owó jù. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú, ó ṣeé rà, ó ṣeé pààrọ̀. Irin tó bá ti dógùn-ún, jórinjórin àti páńẹ́ẹ̀lì bítà ni yóò fi ọjọ́ pípẹ́ bá a fa á, owó wọn sì ń sáré bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Olùrà tó gbọ́n máa ń fi ìdajì àkókò àyẹ̀wò rẹ̀ sórí ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Ilẹ̀ Òkun ní àǹfààní kan níbí. Kò sún mọ́ omi iyọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ sì gùn. Ọkọ̀ tó lo ogún ọdún ní Ìsánlú sábà máa ń ní irin tó le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lo iye ọdún kan náà ní etí ọ̀sà l'Ékòó. Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé “níbo ló gbé?” fi yẹ kó ṣáájú “ẹ́ńjìnnì ńkọ́?” Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí táyà bá ti jò tí abẹ́ ọkọ̀ sì kan ilẹ̀pa, ọ̀rinrin òjò oṣù kẹrin sí ìkẹwàá á máa gun òkè wá. Ewé máńgòrò tó kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí wáípà wà, á di omi mú bíi kànìnkànìn, á sì lu irin ibẹ̀ jára. Eku ní tirẹ̀ máa ń fi wáyà ṣe ìtẹ́.

Irinṣẹ́ àyẹ̀wò kò ju mẹ́ta lọ: òòfà, sukurudíráfà àti ìka ọwọ́. Òòfà tí wọ́n yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́ tó, wọ́n á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà. Wọ́n á gbé e rọra rìn láti orí ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí irin bá wà, á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, á bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á tún fi ìka kan án: irin gidi á dún wọ́ọ́n, pọ́tì á dún pọ̀ bí ẹni kan ògiri. Sukurudíráfà ni wọ́n fi ń gún abẹ́. Bó bá wọlé láìsí agídí, ọ̀rọ̀ ti di owó ńlá.

Ojúlé tí ìpẹtà ń gbà wọlé yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Lára Ìjàpá, bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ásíìdì tó ń kán sílẹ̀ ń jẹ ìtẹ́lẹ̀ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í mọ̀ títí ìjókòó fi já sí títì. Lára 504, wọ́n máa ń wo etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, orí táyà, àti ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti fẹ̀yìn tì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ibi ìkẹyìn yìí bá ti jẹrà, ọ̀pọ̀ máa ń kà á sí ọkọ̀ tí wọ́n á tú tà ní ẹyọ-ẹyọ.

Ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín owó kù. Èyí tó ti gan ló ń dín in. Mẹkáníìkì á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, á da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á fi spánà dì nọ́ọ̀tì púlì iwájú mú, á gbìyànjú láti yí i. Bó bá yí, ìrètí wà. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù fún àwọn ará ilé ni: “Màmá, kí ló dá a dúró?” Ọkọ̀ tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dúró nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì sàn ju èyí tí wọ́n wọ́ wálé lọ.

Ìwé ọkọ̀ àti ẹ̀tọ́ láti tà á

Kò sí ọkọ̀ kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kábà ṣáájú 27 Oṣù Kẹjọ 1991 tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Kogi, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ìwé Kwara ni yóò ní, èyí tó sì dàgbà ju 1967 lọ á ní ti ẹkùn Àríwá. Rísíìtì náà ń sọ̀rọ̀. Náírà kò sí ṣáájú 1 Oṣù Kìíní 1973. Rísíìtì ọdún 1971 tí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní náírà, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ lẹ́nu àìpẹ́. Sítíárìn náà ní ìtàn tirẹ̀: ọwọ́ òsì títì ni Nàìjíríà ń gbà títí di 2 Oṣù Kẹrin 1972, nítorí náà sítíárìn apá ọ̀tún lára Morris tàbí 404 àtijọ́ lè jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi nọ́ńbà ara ṣáásí wé ti inú ìwé. Ti Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lórí òpó irin àárín.

Ìṣòro tó le jù ní ilẹ̀ Òkun kì í ṣe ìwé tó sọnù. Ogún ni. Bàbá ti lọ, ọmọ márùn-ún wà ní ìlú márùn-ún, ọ̀kan tó wà nílé sì fẹ́ tà. Bí ẹbí kò bá tí ì gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún nílé ẹjọ́ gíga, olùrà lè tún ọkọ̀ ṣe tán kí ẹ̀gbọ́n kan láti Abuja tó dé, kó sì ní òun kò mọ̀ sí i. Ewu yìí ní iye tirẹ̀, olùrà a sì máa yọ ọ́ kúrò nínú owó tó bá pè.

Ìṣirò

Ìlànà náà kò le: kí ni yóò tà lẹ́yìn iṣẹ́, yọ gbogbo owó iṣẹ́, yọ owó ohun tí ojú kò tí ì rí, yọ èrè ẹni tó fẹ́ gbé wàhálà náà. Èyí tó bá kù ni iye ọkọ̀ bó ṣe jókòó. Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é, nítorí iye ọjà ń yí padà. Ká ní ọkọ̀ kan yóò tà ní ₦6,000,000 bó bá parí. Jórinjórin àti páńẹ́ẹ̀lì bítà á gba ₦1,400,000, ọ̀dà ₦700,000, ẹ́ńjìnnì ₦900,000, ìjókòó àti rìwáyà ₦500,000, owó gbígbé e lọ ₦200,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,700,000. Fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ohun tó fara pamọ́, ó di ₦4,440,000. Ó ku ₦1,560,000. Bí olùrà bá fẹ́ jèrè ₦500,000, kò lè san ju ₦1,060,000 lọ.

Nígbà míì, òǹkà yìí máa ń já sí òfo tàbí kó lọ sísàlẹ̀ òfo, pàápàá lórí sálúùn 504. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe. Ọmọ tó fẹ́ rí ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwé kì í ṣòwò, kó sáà mọ̀ pé kì í ṣòwò.

Onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló ń pinnu ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀. Òun ń ra irin ní kílò, kò bìkítà bóyá Pijó ni tàbí irin lásán. Láàárín iye tirẹ̀ àti iye olùfẹ́ ọkọ̀ ni ìdúnàádúrà gbogbo ti ń wáyé, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ náà sì sábà máa ń wà l'Ékòó tàbí Abuja, tí owó ìgbọ́kọ̀ sì máa ń jẹ nínú iye tó kan olùtà.

Ohun kéékèèké tó sọnù máa ń gbówó ju bí ẹbí ṣe rò lọ: gíláàsì iná iwájú, irin dídán ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kìnnìún orí gíríìlì Peugeot, ìdérí táyà, ọwọ́ fèrèsé. Kí ẹni tó fẹ́ tà wá wọn káàkiri ilé àti àká, kó kó wọn sínú àpò kan, kó sì gbé àpò náà sí búùtù. Ìyẹn á fi kún iye ọkọ̀ ju kíkun ọ̀dà tuntun lọ, torí bí olùrà bá ti rí ọ̀dà tuntun lára ọkọ̀ tí kò rìn, òòfà ló máa kọ́kọ́ yọ jáde.