Nọ́ńbà Ló Bí Ìpín Dísìkì

Ẹni tó bá ń gbé Linux tàbí BSD (àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé dísìkì sí ìpín-ìpín, kò ní pẹ́ dé ibi tí wọ́n á ti bi í pé mélòó ni ti / (gbòǹgbò, ibi tí gbogbo fáìlì ti bẹ̀rẹ̀), mélòó ni ti /home (ilé fáìlì àwọn aṣàmúlò), swap (àyè orí dísìkì tó ń ran ìrántí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́) ńkọ́? Tó bá béèrè ìdí, wọ́n á ní nítorí ààbò ni, kí àkọsílẹ̀ inú /var má baà kún títí ẹ̀rọ á fi dákú. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn la rí àǹfààní yẹn. Ìṣirò ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ilé ìwádìí Bell Labs ní Murray Hill, ní New Jersey, ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò tí Linux àti BSD tẹ̀ lé, ní 1969. Nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1974, wọ́n ka dísìkì ara kọ̀ǹpútà PDP-11/45 wọn: ọ̀kan oní mẹ́gábáìtì 1 tó yára, mẹ́rin oní mẹ́gábáìtì 2.5, àti ńlá kan oní mẹ́gábáìtì 40. Orí kékeré tó yára yẹn ni / wà, ibẹ̀ náà ni swap ń gbé. Fáìlì àwọn aṣàmúlò wà lórí ńlá. Ohun mẹ́ta tí wọ́n ń bi yín lónìí náà nìyẹn! Mo lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe jókòó, tí wọ́n ń wò ó pé èwo ló yẹ kó gba ibi tó yára.

Ibẹ̀ ni usr, orúkọ àpò fáìlì àwọn aṣàmúlò yẹn, ti wá. Àwọn kan ń sọ pé gígékúrú "Unix System Resources" ni. Rárá o. /usr/ken àti /usr/dmr ni ilé àwọn méjèèjì. "User" ni, wọ́n kàn já e sọnù.

Nígbà tó di ẹ̀dà kẹfà Unix, ní 1975, ẹni tó bá ní dísìkì RK05 kan péré ní búlọ́ọ̀kù (ègé àyè kéékèèké) 4872. Nínú conf.c, fáìlì ìṣètò Unix, wọ́n kọ ọ́ pé swap bẹ̀rẹ̀ láti 4000, ó sì gùn ní 872. Àwọn kan á ní ìpín àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ò gbà, torí kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú /dev, níbi tí Unix ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìpín gidi ni rp0 dé rp7, orúkọ tí àwọn apá dísìkì ńlá tó ń jẹ́ RP ní nínú /dev. Dísìkì RP ní búlọ́ọ̀kù 81200, báìtì 512 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bíìtì 16 ni Unix fi ń ka nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù, kò sì lè kà kọjá 65536. Dísìkì wá tóbi ju ẹnu ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ! Ni wọ́n bá là á sí méjì: rp0 gba 40600 àkọ́kọ́, rp1 gba 40600 tó kù. Rp2 dé rp5 ń gun ara wọn, débi tí ìwé ìlò fi kìlọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn lo gbogbo wọn pọ̀. Ìwé kan náà ní dísìkì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní gígé kó lè ṣeé mú dání, àmọ́ ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kọ́kọ́ sọ.

Inú kọ́ọ̀dù dírafà (apá Unix tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀) ni wọ́n kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sí. Nínú èdè wa, ìpín tún túmọ̀ sí kádàrá, ó sì bá a mu gan-an: àfi kéèyàn tún kernel (ọkàn Unix) kọ́ kó tó lè yí tirẹ̀ padà. Ìgbà tí 4.3BSD-Tahoe, ẹ̀dà BSD kan, mú disklabel (àkọlé tó ń sọ ìpín dísìkì) dé ní 1988 ni ìwọ̀n náà bọ́ sórí dísìkì fúnra rẹ̀. Lẹ́tà a dé h ni BSD ìgbà yẹn fi ń pe ìpín, mẹ́jọ náà ni bíi rp0 dé rp7. A ni ti /, b ni ti swap.

Àwọn tó ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìpín dísìkì sí kọ̀ǹpútà IBM PC XT àti ètò DOS 2.0 ní 1983, ó kéré tán, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi pẹ́. Àyè mẹ́rin péré ni tábìlì tí DOS fi ń to ìpín ní. Linux bá a níbẹ̀ ní 1991, GPT, tábìlì tuntun tó rọ́pò rẹ̀, sì ti sọ ọ́ di 128.

Ní báyìí, ẹ tẹ àṣẹ ls -l /bin lórí Fedora tàbí Debian tuntun, irú Linux méjì. Ọfà lẹ máa rí, tó ń tọ́ka sí usr/bin: ohun tó wà ní / tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sínú usr.