Ẹ Má Tíì Ra Ọ̀dà: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Omi Ti Ń Wọ Ògiri

Ọ̀dà kì í wo ògiri tó tutù sàn. Iṣẹ́ ilé rírẹ́ àti ilé kíkun ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn tó sì ń pè mí kì í sábà pè mí torí pé àwọ̀ ilé ti sú wọn. Ọ̀dà tí wọ́n kun lọ́dún tó kọjá ló ti wú, tó ti ń bó. Wọ́n á ní kí n ha á dànù, kí n tún un kun. Mo lè ṣe é, kí n sì gba owó mi. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún dé, àbàwọ́n yẹn yóò yọjú níbi tó wà tẹ́lẹ̀, owó ti wọgbó nìyẹn. Kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ lè ṣe fúnra yín láìsan kọ́bọ̀.

Ibi tí àbàwọ́n wà ló kọ́kọ́ ń júwe orísun omi. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń ná owó lásán jù. Bí ọ̀dà bá ń bó nídìí ògiri, tí kò kọjá nǹkan bíi mítà kan sókè, tí nǹkan funfun kan tó ń rún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án sì ń yọ lára rẹ̀, inú ilẹ̀ ni omi ti ń gòkè. Búlọ́ọ̀kù ń fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Nǹkan funfun yẹn, iyọ̀ ni. Omi ló gbé e láti inú ilẹ̀ àti inú símẹ́ǹtì. Omi gbẹ, iyọ̀ kù sójú ògiri, òun ló ń ti ọ̀dà dànù. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí yóò yọ́, yóò sì padà sínú ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n kúrò.

Ilé tí bíríkìlà bá tẹ́ náílọ̀n tí wọ́n ń pè ní DPC sí kó tó da jámánì fúlọ̀ (kọnkéré ilẹ̀ ilé), tó sì tẹ́ ẹ láìya, kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní i, owó ńlá ló sì ń gbà láti fi sí i nígbà tí ilé ti dúró. Ohun tó wà lágbára wa ni ká dín omi tó ń dé ìdí ilé kù. Ẹ jáde síta, ẹ wo ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an. Ní Mápó, Bẹẹrẹ, Òkè-Ààrẹ àti ibi gbogbo tí ilé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ẹ̀yìnkùlé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni omi ará òkè ń ṣàn sí. Lọ́dọọdún ló ń wọ́ erùpẹ̀ wá, erùpẹ̀ náà ń ga mọ́ ògiri, títí tí ilẹ̀ ìta yóò fi ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ọ̀dà wo ló lè dúró lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀? Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ yẹn kúrò títí ilẹ̀ ìta yóò fi rẹlẹ̀ ju ti inú lọ, ó kéré tán ìwọ̀n íǹṣì mẹ́fà. Ẹ da símẹ́ǹtì tó dagun síta sídìí ògiri, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta ẹrẹ̀ sí i lára. Kí gọ́tà kékeré kan sì gba omi náà lọ. Bí ó bá jẹ́ omi ilé aládùúgbò ni, ẹ fi pẹ̀lẹ́ lọ bá a. Gọ́tà àjọṣe kan kò wọ́n tó ìdajì ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń ná sórí ògiri.

Ẹ má sì dúró de ìgbà tí òjò bá le kí ẹ tó kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Àwọn kan máa ń fi ọkàn balẹ̀ sí ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù náà lọ́dún 1980 ni odò Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ, ọjọ́ 26 oṣù kan náà lọ́dún 2011 sì ni omíyalé mìíràn tún ṣe Ìbàdàn léṣe.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe inú ògiri ni omi ti wá, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Yàrá tí èèyàn pọ̀ sí, tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, tí kọ́bọ́ọ̀dù fara ti ògiri pinpin, yóò bu dúdú lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà. Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ ìyàtọ̀: ẹ gé náílọ̀n tí a lè rí òdì kejì rẹ̀, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó. Ẹ nu ògiri gbẹ. Ẹ fi tépù lẹ náílọ̀n náà yí ká, kí afẹ́fẹ́ má ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ̀n, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti ń jáde. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló tutù, tí ẹ̀yìn gbẹ, afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù síwájú. Ẹ fi Hypo tí ẹ pò mọ́ omi nu ibi tó bu, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo bẹ yín, ẹ má po Hypo mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́ kankan, torí èéfín tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Bí àbàwọ́n bá wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ tàbí láàárín ògiri, tí kò fi ti òjò ṣe, páìpù ni kí ẹ fura sí. Lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fa omi sí tánkì, ẹ fi nǹkan sàmì sí ibi tí omi tánkì dé. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, pọ́ḿbà ni kí ẹ pè. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bá wà lórí ògiri tó tutù, ẹ pa iná rẹ̀ láti orísun, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé.

Ti òrùlé ò le mọ̀. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lórí síìlì, páànù ló ń jò. Ṣùgbọ́n omi kì í já bọ́ tààrà lábẹ́ ihò; ó ń tẹ̀lé igi àjà kó tó kán, nítorí náà ihò náà lè jìnnà sí àbàwọ́n. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà wọ inú àjà lọ́sàn-án, ihò yóò fi ìmọ́lẹ̀ hàn án. Orí ibi tó yọ gọngọ lára páànù onígbì ló yẹ kí ìṣó wà, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Bí òrùlé tàbí síìlì bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má gé e, ẹ má ha á. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ilé alámọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù. Ìyá àgbà kan ní Ìdí-Arẹrẹ pè mí pé ìrẹ́lé tí àwọn ọmọ òun fowó ṣe ń ṣí kúrò. Mo fi ìka kan ògiri náà, ó ń dún kò-kò, ó fi hàn pé òfìfo ni ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣí i díẹ̀: símẹ́ǹtì náà le gbagidi, ó nípọn ju íǹṣì kan lọ, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀ tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ṣe é rò pé òun ń dáàbò bo ilé ni. Amọ̀ máa ń mu omi nígbà òjò, ó sì ń mí in jáde nígbà ọyẹ́. Bí ó ti ń wú ló ń sún kì. Símẹ́ǹtì kì í sún. Omi tó bá gba ojú ṣíṣán kékeré wọlé kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí amọ̀, kí ẹ po koríko gbígbẹ mọ́ ọn kó má baà sán. Òrùlé ni kí ẹ jẹ́ kó yọ síta dáadáa, kí ìdí ògiri sì gbẹ. Ẹni tó bá sọ pé dandan símẹ́ǹtì ni, kó kan wáyà ilé adìẹ mọ́ ògiri kó tó rẹ́ ẹ, kó jẹ́ kí iyanrìn pọ̀, kó má sì jẹ́ kó nípọn. Àwọn ògiri yẹn ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù lọ, ó yẹ ká fi ọ̀wọ̀ tún wọn ṣe.

Nípa ògiri tó sán: èyí tó tín-ín-rín bí irun orí, ojú ìrẹ́lé lásán ló sábà máa ń wà. Èyí tó gba igun fèrèsé dagun lọ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà, tàbí tó fẹ̀ ju mìlímítà márùn-ún lọ, ẹ pe onímọ̀ ẹ̀rọ ilé. Àwọn tí ìbúgbàmù Bódìjà ti oṣù kìíní 2024 mi ilé wọn, bí ẹ bá ti dí ojú ibi tó sán tó sì tún ṣí, ẹ má tún un dí kí ẹnì kan tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀dà. Ẹ ha ìrẹ́lé tó ti bàjẹ́ kúrò kọjá ibi tó tutù, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Ìrẹ́lé tuntun gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án, torí oró símẹ́ǹtì tútù ń jẹ ọ̀dà. Ọ̀dà dídán tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì pò, ẹ má gbé e sórí ògiri tó ní omi rárá, ṣe ni yóò há omi mọ́nú. Bí ẹ bá ń ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ fi omi wọ́n ọn, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé kúrò, torí òjé lè wà nínú eruku rẹ̀. Bí ayẹyẹ bá dé bá yín tí ògiri kan kò tíì gbẹ, ẹ kun mẹ́ta yòókù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé kọ́tìnì tàbí àga tì í. Oṣù kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ni kí ẹ padà wá kun ún.