Bí Ọlọ Inú Ṣe Wọ Ẹjọ́ Jẹjẹrẹ Àpòlúkù

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé àpòlúkù ni ọlọ inú. Abẹ́ egungun ìhà òsì ló wà, kò ju ìkúùkù lọ, ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún wa jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ Theodor Billroth gé apá ìsàlẹ̀ àpòlúkù Therese Heller, tí jẹjẹrẹ ti mú, kúrò ní Vienna lóṣù kìíní ọdún 1881, ọ̀rọ̀ kò tíì kan ọlọ inú. Carl Schlatter ní Zürich ló yọ odindi àpòlúkù ní 1897.

Ohun tó fa ọlọ inú wọ ẹjọ́ ni àwọn kókó kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà omi ara, ibi tí jẹjẹrẹ ti máa ń yà kó tó tẹ̀ síwájú. Àwọn dókítà Japan, níbi tí àìsàn yìí ti wọ́pọ̀, fún àwọn kókó náà ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 10 ló wà lẹ́nu ọlọ inú gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ kó o tán láìṣẹ́ku, ó rọrùn fún un láti kúkú gbé ọlọ inú jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ní New York, oníṣẹ́ abẹ Alexander Brunschwig tilẹ̀ fi pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, kún un, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1948. Bí ẹni wó ilé aládùúgbò kí iná má baà ràn.

Lójú tèmi, ìrònú náà kò burú. Ohun tó ná aláìsàn ló pọ̀. Ní 1952, King àti Shumacker ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n yọ ọlọ inú wọn, tí àrùn sì kì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà. Láàárín ọdún 1989 sí 1993, àwọn dókítà Netherlands fi iṣẹ́ abẹ kékeré, tó ń kó kókó tó sún mọ́ àpòlúkù nìkan, wé ńlá, tó ń kó àwọn tó jìnnà díẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ti ńlá, bí wọ́n bá yọ odindi àpòlúkù, ọlọ inú àti ìrù pancreas a bá a lọ. Ẹni 10 nínú 100 ló kú lẹ́yìn ti ńlá, 4 lẹ́yìn ti kékeré.

Àwọn ará Japan fúnra wọn ló wá dá ẹjọ́ náà. Wọ́n pín aláìsàn 505 sí ọ̀nà méjì, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn wà lókè àpòlúkù, tí kò kan etí tó kọjú sí ọlọ inú. Èsì jáde ní 2017: lẹ́yìn ọdún 5, 75.1% àwọn tí wọ́n yọ tiwọn ló wà láyé, 76.4% àwọn tí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀. Wàhálà ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ wá jẹ́ 30.3% sí 16.7%.

Bí jẹjẹrẹ bá ti jẹ wọ inú ọlọ inú, wọ́n ṣì ń yọ ọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná pẹ́nrẹ́n, ọsibítù ni.