Bí agbo ìràwọ̀ kékeré ṣe ń fi ìgbà ìwáṣẹ̀ hàn wá

Nígbà tí àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, háídrójìn àti hílíọ̀mù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Inú ìràwọ̀ ni ọ́ksíjìn tí à ń mí ti wá. Ìràwọ̀ ńlá tó bá kú a máa tú u dà sójú ọ̀run, ìran ìràwọ̀ mìíràn á sì tún fi kún un. Nítorí náà, níbi tí ọ́ksíjìn bá ti ṣọ̀wọ́n, gáàsì ibẹ̀ kò tíì jìnnà sí ti ìwáṣẹ̀.

Irú ibẹ̀ ni I Zwicky 18, agbo ìràwọ̀ kékeré kan tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 59 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan). Ní 1972, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Leonard Searle àti Wallace Sargent fi hàn pé ọ́ksíjìn inú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Oòrùn. Kò tó ìdá kan nínú ogún.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń wọn ohun tí ọwọ́ kò lè tó? Wọ́n á pín ìmọ́lẹ̀ agbo náà sí àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ọ́ksíjìn gbígbóná máa ń tàn ní àwọ̀ ewé, ní nánómítà 501 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀). Àmọ́ àwọ̀ ewé yìí nìkan lè tan èèyàn jẹ, torí ooru gáàsì náà ń mú un mọ́lẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá àwọ̀ ọ́ksíjìn kejì, tó rẹ̀wẹ̀sì gan-an, ní nánómítà 436. Bí gáàsì bá ṣe gbóná tó ni 436 ṣe ń lágbára sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ 501. Ìyẹn ló ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n tó ṣírò iye ọ́ksíjìn. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọ́ksíjìn gan-an ló ń mú gáàsì náà tutù: bó bá ṣe kéré tó ni gáàsì ṣe ń gbóná tó.

Nínú irú àwọn agbo báyìí ni wọ́n tún ti ń wọn hílíọ̀mù. Wọ́n á ṣírò padà sẹ́yìn dé ibi tí kò ní sí ọ́ksíjìn rárá, wọ́n á sì bá hílíọ̀mù tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìwọ̀n gáàsì náà: iye tó ti wà láti ìwáṣẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọmọdé ni I Zwicky 18, títí awò awọ̀nàjíjìn Hubble fi rí ìràwọ̀ àgbà nínú rẹ̀ ní 2007. Gáàsì rẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Láti 2022, awò awọ̀nàjíjìn Webb ti ń rí 436 kan náà nínú àwọn agbo tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti rin ìrìn ọdún tó ju bílíọ̀nù 13 lọ, ìṣirò kan náà sì ni wọ́n ń fi kà á.